Ìbéèrè Kẹta

Ojú ọmọ kan ni ìtàn yìí dá lé lórí, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí nǹkan mìíràn. Yasir ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ Àlímátù tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹni tí ì bá gba ojú náà là ni Adébímpé, olùkọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ì bá sì fi gbà á là, ọgọ́ta ìgbà ló bi í, láàárọ̀ ọgọ́ta ọjọ́, tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ọgọ́ta ìgbà náà ni ọmọ dá a lóhùn pé kò sí.

Adébímpé kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọmọ Igbein ni, bàbá rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì fún ọgbọ̀n ọdún, agogo ni wọ́n fi tọ́ ọmọ nínú ilé wọn. Bí agogo mẹ́fà bá lù, wọn á gbàdúrà. Bí méje bá lù, wọn á jẹun. Ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀kọ rẹ̀ á dúró dè é ní tútù. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Abẹ́òkúta rán an lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé kó lọ kọ́ ọ̀nà iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní ájáìlì, ṣe ló dà bíi pé wọ́n mú un padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn má kó iṣẹ́ ọdún kan jọ gègèrè kó tó máa wá ibi tí yóò ti bù ú jẹ; kó gé e sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan sì parí pẹ̀lú ohun tó ṣeé fi han àlejò. Adébímpé fún ọ̀sẹ̀ méjì náà lórúkọ Yorùbá, ó pè é ní ìsáré. Ìsáré mẹ́fà ni yóò gbé iṣẹ́ náà dé òpin.

Bó ṣe dé ni wọ́n fún un ní ọmọ mẹ́rin tó wà ní ọdún ìparí ẹ̀kọ́ wọn: Yasir, Ràhámátù, Ṣéhù àti Pamílẹ́rìn. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ ayé kan sínú awò. Ẹni tí kò bá mọ awò yìí, ohun ńlá dúdú kan ni tí wọ́n ń dè mọ́jú. Bí o bá ti dè é, yàrá tí o wà á pòórá, wàá bá ara rẹ níbòmìíràn. Bí o bá yí orí, ibẹ̀ náà á yí, bí o bá na ọwọ́, wàá rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Àgbàlá aláró kan ní Ìtòkú ni àwọn ọmọ náà mú, pẹ̀lú ìkòkò aró àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kí ọmọ iléèwé tó wà lọ́nà Odeda, tí kò dé Ìtòkú rí, lè ti ọwọ́ bọ aró láìba aṣọ iléèwé rẹ̀ jẹ́. Yasir ló mú àbá náà wá, torí ìdí aró ni wọ́n bí i sí. Òun náà ni wọ́n fi ṣe akunlé ayé ọ̀hún: gbogbo àwọ̀ ibẹ̀, gbogbo òjìji, gbogbo ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká pé ọmọ òun ń kó Ìtòkú sínú dígí.

Adébímpé gbé pátákó kọ́ sára ògiri, ó fi ìlà pín in sí mẹ́ta: Ó Kù, À Ń Ṣe É, Ó Parí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń ṣe é, bí iṣẹ́ bá sì ṣe ń lọ ni ìwé náà ń ṣí láti ìlà kan bọ́ sí èkejì. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, wọn á dúró yí pátákó ká. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó, nítorí ẹni tó bá jókòó á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìbéèrè mẹ́ta ni Adébímpé máa ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí lo ṣe lánàá? Kí lo máa ṣe lónìí? Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?

Ìbéèrè kẹta yẹn ni ẹ̀mí gbogbo ètò náà. Ẹni tó kọ́ ọ l'Ékòó ti sọ fún un pé bí ìbéèrè kẹta bá ti kú, igi àti ìwé lásán lèèyàn ń wò lára ògiri. Adébímpé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Ṣéhù dáhùn ìbéèrè kẹta bí ọmọlúàbí. Ó ní kọ̀ǹpútà òun kì í gba iná mọ́. Inú Adébímpé dùn. Ó fa ìwé pupa kan yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ṢÉHÙ, KỌ̀ǸPÚTÀ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, pé kò yẹ kí ìdíwọ́ sá pamọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀gá ẹ̀ka wọn mú àlejò wọlé, ó wo pátákó, ó ní, "Ta wá ni Ṣéhù yìí tó ti pọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ṣéhù Pupa ni wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ láti ẹnu géètì títí dé ilé oúnjẹ. Adébímpé wá kọ̀ǹpútà mìíràn fún un lọ́jọ́ kejì, ó rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kẹta ti di ìkíni, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni nílẹ̀ wa. Bí àgbà bá dúró níwájú rẹ láàárọ̀ tó ní ṣé kò sí, kò sí náà ni wàá sọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó mọ́jú, bí wọ́n bá kí i, á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ kó tó sọ pé ilé ti jó. Ta ni yóò wá da ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, lójú ẹlẹgbẹ́, kí wọ́n sì tún fi pupa kọ ọ́ mọ́ ògiri? "Kò sí, mà. A dúpẹ́." Ràhámátù á sọ ọ́, Pamílẹ́rìn á sọ ọ́, Ṣéhù á sọ ọ́ kíákíá ju gbogbo wọn lọ. Yasir máa ń fi ẹ̀rín músẹ́ tì í. Adébímpé ọmọ Ẹ̀gbá, tí òun fúnra rẹ̀ ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ìdíwọ́, òdo. Á sì máa yin Ọlọ́run pé ẹgbẹ́ òun dán mọ́rán.

Bẹ́ẹ̀, ojú òsì Yasir ti ń ṣe bàìbàì kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Kò dùn ún, kò pọ́n, kò sì somi. Ẹ̀gbẹ́ ayé ló kàn ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀ bí etí ìwé tí ikán dé sí. Nígbà tó yá, ti ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ kọ wáyà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló forí gbá férémù ilẹ̀kùn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Adébímpé náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yasir, ibo lo gbé ojú ẹ sí?" Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ náà wà lọ́fun rẹ̀ títí dòní, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu.

Yasir mọ ohun tó ń bá a jà. Ojú ló kọ́kọ́ mú bàbá rẹ̀ kí ikú tó mú un; ọdún mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ fi fa ọkọ lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó sì ń fà á bọ̀. Òun ọmọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún obìnrin náà. Ta ló fẹ́ lọ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ohun tó lọ ti padà dé? Ó rò ó títí, ó pinnu pé olùkọ́ òun lòun máa sọ fún.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, ìsáré kejì ń parí lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fi iṣẹ́ han ọ̀gá ẹ̀ka, ọwọ́ Adébímpé kún bámúbámú. Yasir kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan kan."

"Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ni?"

"Ó kan iṣẹ́ náà mà."

"Ṣé ó wà lórí pátákó?"

"Rárá mà."

"Yasir, kí la jọ sọ? Kò sí ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ohunkóhun tó bá ń dí ẹ lọ́wọ́, aago mẹ́sàn-án ọ̀la, níwájú gbogbo wa, ibẹ̀ là ń sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín sí i kó má baà rò pé ìbáwí ni. "Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà. Ẹ ṣé mà."

Ó rọra fa ilẹ̀kùn náà pa. Inú Adébímpé dùn sí ara rẹ̀ pé òun ò jẹ́ kí òfin yẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi Yasir ṣe ẹni ìkẹyìn kí ọmọ náà lè ráyè sọ̀rọ̀. "Ó yá, Yasir. Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?" Ṣéhù ń wò ó. Pamílẹ́rìn ti ń wo aago. Ibi tí ìwé pupa ti lẹ̀ mọ́ pátákó lọ́jọ́ sí ti ṣófo, ó mọ́ tónítóní.

"Kò sí, mà. A dúpẹ́."

Adébímpé kọ òdo. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n ní kó dákẹ́ ni, wọ́n sì fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún un.

Láti ìsáré kẹta ni àgbàlá inú awò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ jù. Oòrùn ibẹ̀ ń ta, aró tó yẹ kó dúdú minimini di búlúù tó ń gúnni lójú, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ò lè tẹjú mọ́ aṣọ orí okùn. Adébímpé kọ ìwé pélébé kan: Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Wọ́n dín in kù. Ní ìsáré kẹrin ó tún ti pọ̀, ó tún kọ ọ́. Ní ìsáré karùn-ún, ìwé kan náà. Ojú wo ló lè máa wá ìmọ́lẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀? Obìnrin tó fẹ́ràn ìbéèrè, kò bi ara rẹ̀ ní èyí.

Ràhámátù ló ń dín ìmọ́lẹ̀ náà kù. Òun nìkan ló mọ̀. Ó bá Yasir lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi tó ti fi imú kan ojú kọ̀ǹpútà, ó bi í léèrè, ọmọ náà sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ, pé bí iṣẹ́ bá ti parí báyìí òun ń lọ sí ọsibítù. Bí Ràhámátù ṣe ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe ti Yasir. Ìwé Yasir ń kọjá sí Ó Parí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ti Ràhámátù lẹ̀ mọ́ À Ń Ṣe É títí etí wọn fi ká.

Adébímpé gbà pé pátákó kì í purọ́, pátákó sì ní ọ̀lẹ ni Ràhámátù. Nígbà tí ìsáré kẹfà bẹ̀rẹ̀, ó bá a wí lójú gbogbo wọn, ó ní ó ń fa ẹgbẹ́ sẹ́yìn, ó sì gba ìfihàn ìkẹyìn, èyí tó ti fi sọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Yasir ló máa de awò lọ́jọ́ náà. Òun niṣẹ́ rẹ̀ ń parí lásìkò." Ràhámátù la ẹnu, ó wo Yasir, ó pa ẹnu dé.

"Àbí nǹkan kan ń dí ẹ lọ́wọ́ ni?" Adébímpé bi í.

"Kò sí, mà." Omi ti dé ojú rẹ̀. "A dúpẹ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ ìparí ìsáré kẹfà pé. Ọ̀gá ẹ̀ka wá, àwọn olùkọ́ wá, olùkọ́ méjì wá láti iléèwé kan lọ́nà Odeda. Àlímátù náà wá, ó ró àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ń fi pamọ́ fún Iléyá, wọ́n sì fún un ní ìjókòó iwájú. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ohun tí ẹni tó de awò ń rí lè máa hàn lára ògiri fún gbogbo èèyàn. Yasir de awò mọ́jú, Ṣéhù tẹ bọ́tìnnì, àgbàlá aláró yọ sára ògiri ní ọ̀sán gangan: ìkòkò lọ́tùn-ún, ìkòkò lósì, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ìkòkò mi rèé!" Àlímátù ń tọ́ka. "Ẹ wò ó, èyí tétí ẹ̀ ṣẹ́ yẹn, tèmi ni!"

Yasir yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, àgbàlá ara ògiri ń bá a yí. Kò gbé ẹsẹ̀. Kò na ọwọ́. Gbogbo èèyàn ń retí rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tàn?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé ara eré ni. "Ó ti tàn, Yasir," ni Adébímpé wí. "Bẹ̀rẹ̀."

"Kò tí ì tàn mà. Ṣéhù, jọ̀ọ́ bá mi wò ó, bóyá wáyà ni."

Ràhámátù bú sẹ́kún níbi tó dúró sí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìyá ti mọ̀ kí ẹkún náà tó jáde, torí ó ti bá irú èyí gbélé rí. Kò pariwo. Ó dìde, ó lọ bá ọmọ rẹ̀, ó tú awò kúrò lójú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè síwájú ojú náà bó ṣe máa ń ṣe fún ọkọ rẹ̀.

"Yasir, ìka mélòó?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ náà wí. "Ẹ má ṣe é níbí."

Dókítà ojú pè é ní gilokóòmà. Ó ní ti òsì ti lọ pátá, ti ọ̀tún ò sì ju kéèyàn máa yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́, nínú èéfín. Ó ní iṣẹ́ abẹ lè di ìyókù mú, ó sì lè má dì í mú. Adébímpé bi í, ó fi agídí bi í, pé ká ní wọ́n tètè mú un wá ńkọ́? Dókítà náà ò mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Ó dáhùn bí dókítà ṣe ń dáhùn: ká ní wọ́n mú un wá ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó ní ti ọ̀tún ì bá ṣì wà dáadáa, ọmọ náà ì bá máa fi kàwé.

Oṣù méjì. Adébímpé kò nílò kàlẹ́ńdà. Ọjọ́bọ̀ ni, lọ́sàn-án, ọwọ́ òun kún. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe; òun náà jókòó sórí bẹ́ńṣì ọsibítù, kò rí i ṣe.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kò di nǹkan mú. Ohun tó kù fún Yasir kò ju kó mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru lọ. Adébímpé já pátákó náà bọ́ lára ògiri. Ó lọ bá Ràhámátù, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, olùkọ́ tó kúnlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ náà sì ń sunkún pé kó dìde, pé ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó kù gboyè. Wọ́n fún iṣẹ́ wọn ní máàkì tó ga jù lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, àfi Adébímpé àti Yasir.

Ó ku Àlímátù. Adébímpé ní òun máa lọ sọ fún un. Ó kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí láti Igbein dé Ìtòkú, ó ń kà á sínú bó ṣe ń yà fún ọ̀kadà láàárín àwọn tó ń pàtẹ àdìrẹ: Ọmọ yín wá bá mi, mà. Ó wá bá mi, mo sì dá a padà. Gbólóhùn méjì péré ni. Nígbà tó wọlé, Yasir wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ìka tọ ìránṣọ etí aṣọ kan lọ, ó ń wá ibi tó ti tú fún ìyá rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà," ni Yasir wí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ti mọ ìrìn rẹ̀.

Adébímpé kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú, mà."

"Tíṣà! Ẹ dìde, ẹ jókòó. Ẹ kú àdúrótì. Ọlọ́run á dúró ti ẹ̀yin náà." Àlímátù fa àga fún un. Ó ti rù, ó sì ń gbìyànjú láti ṣara gírí nítorí àlejò. "Ẹ bá mi bi ọmọ yìí o. Pé kò sọ fún èmi, mo gbà, àánú mi ló ń ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ó tiẹ̀ yà bá yín pẹ́rẹ́, ẹ̀yin ì bá ti gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Mo sọ fún gbogbo wọn ní ìsọ̀ pé bí tíṣà yẹn bá mọ̀ ni, kò ní rí báyìí."

Adébímpé la ẹnu.

"N ò sọ fún wọn, Màámi," ni Yasir wí. Ìka rẹ̀ ò kúrò lára ìránṣọ. "N ò sọ fún ẹnì kankan."

Adébímpé wò ó. Ṣé àánú ló ṣe ọmọ náà ni, àbí bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe ń bo àgbà lójú ẹlòmíràn ló ṣe bò ó? Kò lè mọ̀ láé, kò sì ní lè bi í. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọ tí kò ríran ti ṣílẹ̀kùn fún òun láti jáde, ìtìjú rẹ̀ sì wú u lọ́kàn débi tí omi fi dà lójú rẹ̀.

"Háà, tíṣà, ẹ̀ ń sunkún." Àlímátù tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí ló dé? Ẹ sọ fún mi. Ṣé kò sí o?"

Gbólóhùn méjì náà wà lẹ́nu rẹ̀. Yasir dá ìka dúró, ó tẹ́tí sí i.

"Kò sí, mà," ni Adébímpé wí. "A dúpẹ́."

Yasir rẹ́rìn-ín músẹ́ síbi tí ohùn náà ti wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìránṣọ náà lọ padà. Àlímátù lọ bu omi tútù wá fún àlejò rẹ̀. Adébímpé gbà á, ó dúpẹ́, ó sì mu ún tán.